Fáànù Tí Kò Sinmi

Ọkọ̀ wa kì í dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Láwàl, ọkọ mi, yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò ti ilẹ̀kùn, àwa méjèèjì yóò ti wọlé, ṣùgbọ́n fáànù tó wà níwájú ẹ́ńjìn yóò ṣì máa fẹ́ lọ. Ariwo rẹ̀ a máa gba gbogbo àgbàlá wa ní Ìgbògbò. Israel, ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú, ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ìyá Hàbíbàt, mi ò mọ̀ pé ẹ ti ra jẹnẹrétọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa wáyà kan wá sọ́dọ̀ mi."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe?

Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìn ṣe gbóná tó náà kò gbádùn. Nígbà mìíràn yóò sùn sílẹ̀ bíi pé ọkọ̀ náà kò tíì kúrò nílé. Nígbà mìíràn yóò fò sókè láìsí ìdí, yóò kan ilà pupa. Tí Láwàl bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi rédíétọ̀ á pé, kò ní sí èéfín, kò sì ní sí òórùn ohun tó ń jóná. Ẹni tí kò mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yìí ti gbà lọ́wọ́ mi yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán ni.

Ìyá mi kú ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí òjò ń rọ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Nínú ilé wa, àwọn ọmọbìnrin ni í wẹ ìyá wọn, àkọ́bí ni í kọ́kọ́ bu omi. Èmi ni àkọ́bí. Lateefah, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wa, pè mí pé Màmá ti lọ, pé ààfáà fẹ́ kí wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, pé àwọn ń dúró dè mí. A gbéra lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé oríta Agbówá, abẹ́rẹ́ kan pupa. Láwàl pa ọkọ̀. A jókòó lábẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tó máa ń sun àgbàdo, à ń dúró kí ẹ́ńjìn tutù. Láwàl tọrọ omi nínú ilé kan nítòsí, ó ṣí rédíétọ̀, omi kò wọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti kún. A tún gbéra. Abẹ́rẹ́ tún kan pupa. A tún dúró.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sàréè rẹ̀ pẹrẹsẹ. Lateefah kò bá mi wí. Ó kàn mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lẹ́bàá ògiri.

Bàbá ló wá kù fún wa. Yasir ni orúkọ rẹ̀. Apẹja ni nígbà tó lágbára, gbogbo ẹni tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ikú Màmá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, èémí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gùn mọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Tí Bàbá bá kú, àwọn ọkùnrin ni yóò wẹ̀ ẹ́, àwọn ni yóò gbé e, àwọn ni yóò kírun sí i lára. Èmi obìnrin kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èémí rẹ̀ lọ. Nítorí náà mo fẹ́ bá a kí èémí náà tó tán, mo sì sọ fún Láwàl pé kó tún ọkọ̀ yìí ṣe.

Láwàl kò kọ̀. Pákó ló ń tà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ra ọjà, yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni mo ń tà, ẹja tútù tó ṣì ń jà. Àwọn oníbàárà mi ní Ìgbògbò kò fẹ́ ẹja tó ti dákẹ́. Wọn yóò ti ìka bọ inú abọ́, tí ẹja kò bá fò, wọn yóò kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo kọ́kọ́ máa ń gbé wọn sínú búùtù, ooru sì ń pa wọ́n kí a tó dé Itókín. Ni mo bá rántí ohun tí Bàbá kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré, pé ẹja tí a bá fẹ́ kó dé ọjà láàyè, ẹ̀bá ẹsẹ̀ ẹni ni í gbé, kí ẹsẹ̀ lè máa gbọ́ bó ṣe ń jà. Láti ìgbà náà, nígbà tí Màmá ṣì wà láyé, ni mo ti ń gbé abọ́ ńlá síwájú, láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, pẹ̀lú omi ọ̀sà tí wọ́n fi ń kó wọn. Tí Láwàl bá tẹ bíréèkì, omi á dà sí mi lẹ́sẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò jáde nínú ọkọ̀ náà mọ́. Ó ti di ara ilé.

Mẹkáníìkì wa ni Oríyọmí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Ìkòròdú. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ooru omi tó sì ń ránṣẹ́ sí abẹ́rẹ́. Fáànù sinmi, abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́, inú wa dùn. Ọ̀sẹ̀ náà, èmi kò lọ ra ọjà nítorí ara Hàbíbàt ọmọ wa kò yá. Nígbà tí mo padà lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí a gbé ẹja dé, àìsàn ọkọ̀ padà. Oríyọmí tún fọ rédíétọ̀, ó pààrọ̀ omi inú rẹ̀. Ó tún dára fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún bàjẹ́. Báyìí ni a ṣe ń bá a yí. Tí a kò bá rìn jìnnà, ara ọkọ̀ á yá, Oríyọmí á sì ní òun ló tún un ṣe. Tí a bá ti ti Ẹ̀pẹ́ dé, ó ti parí. Ó ní ọ̀nà tí kò dára ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì gbà á gbọ́, nítorí pé ọ̀nà náà kò dára lóòótọ́.

Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ó na irin kékeré kan sí wa.

"Tàmósítáàtì rèé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìn á fi gbóná. Àwọn òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ni wọ́n ṣe é fún. Bàbá Hàbíbàt, ìgbà wo ni yìnyín bọ́ ní Ìgbògbò?"

Láwàl rẹ́rìn-ín. "Kò bọ́ rí lójú mi."

"Ẹ ṣeun. Mo ti yọ ọ́ dànù. Omi á máa lọ, á máa bọ̀, ẹ́ńjìn yín kò lè gbóná láéláé."

"Fáànù wá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìyá Hàbíbàt, fáànù ń fẹ́ yín, ẹ ní kó má fẹ́ yín. Nínú ooru yìí? Ẹlòmíràn wà tó ń gbààwẹ̀ kí fáànù ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́."

"Abẹ́rẹ́?"

Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan iná, abẹ́rẹ́ náà sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ilà pupa. Ó fi eyín gé téèpù dúdú, irú èyí tí àwọn oníná ń lò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú abẹ́rẹ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Irọ́ ló ń pa. A kì í wo òpùrọ́ lójú."

"Tó bá wá di ọjọ́ kan tó fẹ́ sọ òótọ́ ńkọ́?"

Oríyọmí kọjú sí Láwàl. "Ọ̀gá, ìyàwó yín yìí, ṣé lọ́yà ni?"

"Ẹja ló ń tà."

"Iṣẹ́ ti ṣì í yàn nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wọ ọkọ̀. Téèpù dúdú náà wà níwájú wa bí ojú tí wọ́n dì, fáànù sì ń ké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Lateefah pè, lẹ́yìn ìrun Àílà. A ti lọ kó ẹja ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì ti yà kí Bàbá. Ó mu ẹ̀kọ lójú mi, ó ní iyọ̀ ẹja tí Lateefah sè kò tó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀," ni Lateefah wí. "Bàbá ń bèèrè yín."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá ti sọ méjì, ó máa ń sinmi kó tó sọ ìkẹta. Ẹ sáà máa bọ̀."

Kò sọ pé kó má dà bíi ti Màmá. Kò nílò kó sọ ọ́.

Láwàl kò tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń ta pákó máa wò ó. Mo gbé abọ́ ẹja àná jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà, a sì lọ. A gba Ìkòròdú kọjá, a dojú kọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Láwàl ń sá fún kòtò, mo sì ń wo téèpù dúdú. Nígbà tí a kọjá Ìmọ̀tà, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, mo ṣí i kúrò.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ máa rí i."

"Kó o máa rí irọ́?"

"Irọ́ tí mo ń rí sàn fún mi ju èyí tí mi ò rí lọ. Àárín ló wà báyìí."

Ojú ọ̀run ṣú. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń kán, lẹ́yìn náà ó dà. Láwàl tan wápà kó máa nu ojú gíláàsì, ó tan iná iwájú, mo sì rí abẹ́rẹ́ náà tó fò lójú mi bí ẹja, tó lọ kan ilà pupa, tó dúró síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ Láwàl kúrò lórí tírótù. Oríta Agbówá nìyẹn níwájú wa, àtíbàbà obìnrin alágbàdo nìyẹn. Òrùlé rẹ̀ ti ṣí lọ, àwọn òpó rẹ̀ nìkan ló kù. Láwàl yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró, kò pa ẹ́ńjìn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ohun tí wọ́n ń fà kí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí.

"Bàbá Hàbíbàt, ẹ má ṣí i."

"Oríyọmí ti yọ tàmósítáàtì. Tó bá fi lè gbóná pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan ńlá ló ń ṣe é. Tí ẹ́ńjìn bá kú síbí, a ò ní dé rárá."

"Tí a bá dúró, a ò ní dé náà."

"Ta ni yóò gbé ọ nínú òjò yìí? Ọ̀kadà wo?"

Ohùn rẹ̀ kò dúró. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń gbé ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn kiri. Òun ló pa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló ní kí a dúró, kò sì sí ọjọ́ kan tí a jọ sọ ọ́ láti ìgbà náà. Tó bá ní ká máa lọ, tí ẹ́ńjìn sì jó, òun náà ni. Tó bá ní ká dúró, òun náà ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó di irin náà mú, kò fà á, kò sì fi í sílẹ̀.

Mo wo abẹ́rẹ́. Mo wo òjò. Mo ronú sí bó ṣe fò.

"Ẹ pa iná iwájú."

"Kí ló dé?"

"Ẹ sáà pa á."

Ó pa á. Abẹ́rẹ́ náà já wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín.

"Ẹ tàn án."

Ó fò, ó kan pupa.

"Ẹ tún pa á."

Ó já wálẹ̀. Láwàl fúnra rẹ̀ tún tàn án, ó tún pa á, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré.

"Mo ti ń dáná láti kékeré," ni mo wí fún un. "Ìkòkò tó bá ti hó, bí ẹ yọ gbogbo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé á tutù kí ẹ tó ṣẹ́jú? Ooru kì í lọ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í dé bẹ́ẹ̀."

Láwàl wò mí. Ó fi irin bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

"Irọ́ ni, àbí?"

"Irọ́ ni. Ẹ tan iná yín, kí ẹ máa wa ọkọ̀."

Ó padà sójú ọ̀nà. Ilà pupa ń wò wá, fáànù ń ké, a sì ń lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun kan ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ wo ojú rẹ̀. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn náà. Láwàl tan iná iwájú lọ́jọ́ náà náà.

Lẹ́yìn afárá Itókín, a bọ́ sínú kòtò kan tí omi bò mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà mì, omi tútù sì ti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yọ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé òjò ló ráyè wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án, mo gbé e sí imú. Kì í ṣe òjò. Òórùn Ọjà Olúwo ni, òórùn abọ́ mi.

Mo gbá etí kápẹ́ẹ̀tì mú lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo fà á sókè. Òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó. Níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, ní igun ibi tí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún máa ń wà, àwọn wáyà dúdú mélòó kan pé jọ sídìí nọ́ọ̀tì kan tí wọ́n fi dè wọ́n mọ́ ara irin ọkọ̀. Ìpẹtà ti bo gbogbo rẹ̀, funfun àti àwọ̀ ewé, irú èyí tí í hù lórí bátìrì. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń mì. Mo di gbogbo rẹ̀ mú, mo fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Abẹ́rẹ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, pẹ̀lú iná iwájú tó wà ní títàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fáànù dákẹ́.

Láwàl tẹ tírótù. "Ó ti kú?"

"Kò kú. Fáànù ló dákẹ́."

A gbọ́ òjò lórí ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ohun mìíràn nínú ọkọ̀ náà.

"Kí lo ṣe?"

"Mo di nǹkan kan mú."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Wáyà kan. Omi ti jẹ ẹ́."

"Omi wo? Òjò?"

Mo tẹ orí ba, mo di wáyà mú. Sẹ́ńsọ̀ tí a pààrọ̀, rédíétọ̀ tí a fọ̀, tàmósítáàtì tí a yọ dànù, kò sí èyí tó ṣẹ̀. Omi ẹja mi ló ń dà síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń gbé abọ́ síwájú. Omi ẹja mi ló dá wa dúró ní oríta Agbówá nígbà tí wọ́n ń bu omi sí ìyá mi lára.

Láwàl bojú wò mí nígbà tó yá. Ó ti gbọ́ òórùn ọwọ́ mi, ó sì ti yé e. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, Ìyá Hàbíbàt. A ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́ńjìn. Ẹ̀yìn á máa dùn ọ́."

Mi ò fi í sílẹ̀ títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

Bàbá wà láàyè.

Wọ́n gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn kó lè jókòó díẹ̀, Lateefah sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Láwàl gbé ọkọ̀ sábẹ́ fèrèsé nítorí òjò, ó wọlé tẹ̀lé mi, ó dọ̀bálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Kúbúrá."

"Bàbá, èmi rèé."

"O tètè dé." Ó sinmi. "Ọkọ̀ yín kò dá yín dúró lónìí."

"Ó fẹ́ dá wa dúró, sà. A ti rí ohun tó ń ṣe é."

"Kí ni?"

Mi ò lè parọ́ fún un. "Omi ẹja ni, Bàbá. Abọ́ tí mo máa ń gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀. Omi rẹ̀ ń dà sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ wáyà."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Lateefah. "Ọjọ́ ti Màmá náà?"

"Ọjọ́ ti Màmá náà."

Bàbá wo àjà, ó wò mí.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa gbé ẹja sẹ́bàá ẹsẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ejìká rẹ̀ mì, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó ní, "Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo sọ. Omi kì í ba ọkọ̀ ojú omi jẹ́." Ó tún sinmi. "Ìwọ ọmọ yìí."

Níta, fáànù ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi wáyà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dì í mú mọ́. Ariwo rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó kún yàrá. Bàbá ya ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì gbé etí mi sún mọ́ ọn.

"Ìyá rẹ," ó wí. Ètè rẹ̀ ṣì ń mì lẹ́yìn ìyẹn. Ó sọ gbólóhùn kan tó gùn díẹ̀, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, ojú rẹ̀ wà lára mi, fáànù sì ń ké.

"Bàbá, mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ." Mo yí sí Láwàl. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ pa nǹkan yẹn."

Láwàl sáré jáde sínú òjò. Mo gbọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí. Kò ní irinṣẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ lásán ló fi ń fa orí bátìrì, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbá a, tó tún ń gbá a. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Bàbá ti pa ẹnu dé. Ó ti di ojú. Ó ń mí, ó ń mí díẹ̀díẹ̀, yàrá náà sì dákẹ́ tó fi jẹ́ pé mo ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Láwàl wọlé pẹ̀lú aṣọ tó rin gbingbin, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ríbà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Èémí rẹ̀ ni mo gbọ́ títí ó fi tán, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́.

Ní òwúrọ̀, àwọn ọkùnrin wẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé kan náà. Láwàl wà lára wọn. Mo dúró sí kọ́rídọ̀, mo ń gbọ́ omi.

Oríyọmí fi bébà tí wọ́n fi ń họ ìpẹtà họ ìdí wáyà náà nígbà tí a padà sí Ìgbògbò, ó pààrọ̀ nọ́ọ̀tì, ó sì ń mi orí. "Nǹkan kékeré báyìí?" Ó ní ibẹ̀ ni iná abẹ́rẹ́, ti fáànù àti ti iná iwájú jọ ń gbà padà sínú irin ọkọ̀. Ó wá tàmósítáàtì mìíràn fi síbẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, kò sì tún mẹ́nu ba yìnyín. Abẹ́rẹ́ wà láàárín, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Israel bá mi kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá a ti ta jẹnẹrétọ̀ wa. Kúlà oníyìnyín ni mo fi ń kó ẹja báyìí, nínú búùtù. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ẹja mi ti ń sùn kó tó dé.

Nígbà tó di àdúà ọjọ́ kẹjọ, a padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ náà dákẹ́ láti Ìgbògbò dé ẹnu ọ̀nà Bàbá. A kọjá oríta Agbówá, Láwàl kò wo ibẹ̀, èmi náà kò wò ó. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti jẹun tán, Lateefah wá jókòó tì mí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ abọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ yẹn, mo rí i tí ètè Bàbá ń mì. Kí ló sọ fún yín?"

"Ó ní, 'Ìyá rẹ.'"

"Ìyá rẹ kí ni?"

Mo gba abọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣan án.

"Fáànù ò jẹ́ kí n gbọ́."